Kí ẹ tó fi amọ́tísẹ̀ alùpùpù mìíràn sára tiyín

Lọ́dọ̀ wa níbí, láti Pọ́bẹ̀ dé Kétu, láti Kétu dé Ìdìgní, títí kan àwọn abúlé tó yí Ṣábẹ ká, alùpùpù ni ẹsẹ̀ wa. Òun la fi ń lọ sóko, òun la fi ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń kó àgbàdo, iṣu àti kajú wá sọ́jà. Àwọn zémì ní tiwọn, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa. Bí òjò bá rọ̀, yẹpẹ pupa á ṣàn lọ, kòtò ló máa kù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ilẹ̀ á gbẹ, á wá rí gbágungbàgun bí páànù tí a fi ń bolé. Ẹni tó bá ń gun irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ìbàdí rẹ̀ á sọ fún un.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lọ bá mẹkáníìkì pé kó bá àwọn yọ amọ́tísẹ̀ méjèèjì tó wà lẹ́yìn alùpùpù àwọn, kó fi ti alùpùpù mìíràn rọ́pò, èyí tó gùn jù ú lọ tàbí tó lágbára jù ú lọ. (Ohun kan náà ni àwọn ará ìyá wa ní Nàìjíríà ń pè ní ṣọ́ọ̀kì.) Àwọn kan ṣe é, ara tù wọ́n. Àwọn mìíràn ṣe é, wọ́n wá rí i pé alùpùpù tó ń mì jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá ń fò bí ewúrẹ́, tàbí pé ṣéènì kò gbádùn mọ́. Owó ti lọ, ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi ẹni tó ń ta amọ́tísẹ̀ ni pé, "Ṣé ó le dáadáa?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bóyá ó bá alùpùpù wa mu, tó sì bá ẹrù tí a sábà máa ń gbé mu. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ tó láti fi mọ ìdáhùn, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó yín.

Nǹkan méjì ló wà nínú ẹyọ kan

Bí ẹ bá wo amọ́tísẹ̀, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni irin tó lọ́ yípo yípo bí ejò tó ká jọ. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní rẹsọ́ọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé ìwúwo. Bí táyà bá gun òkúta, rẹsọ́ọ̀ á fún pọ̀; bí táyà bá kọjá, á nà padà. Ṣùgbọ́n rẹsọ́ọ̀ ò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì fi í sílẹ̀, á fò sókè, á wálẹ̀, á tún fò, bíi bọ́ọ̀lù tí ọmọdé jù sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé rẹsọ́ọ̀ nìkan ló wà lábẹ́ yín, ẹ ti máa kọjá kòtò tán, ẹ ó ṣì máa jó lọ.

Ohun kejì wà láàárín, ojú kì í sábà rí i. Ọ̀pá kan ni, tó ń wọ inú páìpù irin kan, epo sì wà nínú páìpù náà. Ní ìdí ọ̀pá yẹn nínú lọ́hùn-ún, àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà. Kí ọ̀pá tó lè wọlé tàbí kó jáde, epo gbọ́dọ̀ gba inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn kọjá, kò sì lè sáré kọjá. Ó dà bíi sìríńjì tí nọ́ọ̀sì fi ń gúnni lábẹ́rẹ́: bí ẹ bá tì í pẹ̀lẹ́, á máa lọ, bí ẹ bá fipá tì í, á le mọ́ yín lọ́wọ́. Epo yìí ló ń bá rẹsọ́ọ̀ wí. Agbára tí rẹsọ́ọ̀ ì bá fi máa jó ló ń di ooru nínú epo, ìdí rèé tí amọ́tísẹ̀ fi máa ń gbóná bí ẹ bá ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà búburú.

Torí náà, rẹsọ́ọ̀ ló ń gbé ẹrù, epo ló ń dá ijó dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa jẹ́ kí ohun tó kù yé wa.

Lára àwọn alùpùpù Bajaj tó ń wá láti Íńdíà, bíi Boxer tó kún ìgboro wa yìí, ẹ lè rí lẹ́tà SNS lára amọ́tísẹ̀ wọn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé rẹsọ́ọ̀ kan wà nínú rẹsọ́ọ̀ kejì, kó lè rọ̀ díẹ̀ bó bá jẹ́ ẹnì kan ló jókòó, kó sì máa le sí i bí ẹrù bá ti ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kì í lo méjì. Ẹyọ kan ni wọ́n ń lò, àmọ́ wọ́n á lọ́ ọ kó sún mọ́ra níbì kan, kó sì jìnnà síra níbòmíràn. Ọgbọ́n kan náà ni. Ní tiwa, ọgbọ́n yẹn bá ilẹ̀ wa mu gan-an, torí alùpùpù tó gbé ẹnì kan jáde láàárọ̀ lè gbé mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan wálé ní ìrọ̀lẹ́.

Ó lè má jẹ́ pé ti alùpùpù mìíràn lẹ nílò

Ẹ kọ́kọ́ yẹ tiyín wò ná. Ẹ dúró lẹ́yìn alùpùpù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó wálẹ̀ gidigidi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó gòkè wá, kó sì dúró síbẹ̀. Tó bá jó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró, epo inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí ó ti jò dànù. Ẹ wo ara ọ̀pá náà: tó bá tutù fún epo, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àmàlà, rọ́bà tó ń dí epo mọ́ inú ti gé nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ rí báyìí kò nílò amọ́tísẹ̀ alùpùpù mìíràn. Tuntun irú ti tẹ́lẹ̀ máa tó o, ẹnu á sì yà á pé alùpùpù rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní tuntun.

Ṣùgbọ́n tí kò bá jó, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá gbé ẹrù tí ẹ máa ń gbé, ẹ̀yìn á máa kanlẹ̀ gbàmù ní gbogbo kòtò, a jẹ́ pé rẹsọ́ọ̀ ló kéré sí iṣẹ́ yín. Ìyẹn ni ẹni tí ọ̀rọ̀ wa yìí kàn jù lọ.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ amọ́tísẹ̀, òrùka irin kan wà tó ní àkàsọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí a lè fi irin yí. Àwọn èèyàn rò pé bí wọ́n bá yí i sókè, rẹsọ́ọ̀ ti le sí i. Rárá o. Irin kan náà ni, agbára rẹ̀ ò yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ti gbé ẹ̀yìn alùpùpù sókè díẹ̀, débi pé bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, àyè á ṣì kù kó tó kanlẹ̀. Ó wúlò gan-an lọ́jọ́ ọjà. Ẹ yí i sókè kí ẹ tó di ẹrù, kí ẹ sì dá a padà nígbà tí ẹ bá dé. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ wà lórí àkàsọ̀ kan náà.

Kí ló dé tí ti ẹlòmíràn fi ń wọ̀ ọ́?

Ní 1976, Honda ti ilẹ̀ Japan gbé alùpùpù kan jáde tó ń jẹ́ CG125. Wọ́n dìídì ṣe é fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lo alùpùpù ní ìlò agbára, tí wọn kì í sì í ráyè tọ́jú rẹ̀. Ó ṣe dáadáa débi pé àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà lóríṣiríṣi wò ó ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù 125 tí à ń rà níbí lónìí, bí orúkọ tó wà lára wọn tilẹ̀ yàtọ̀, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ CG125 ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ bá yọ lára ọ̀kan fi lè wọ ara èkejì. Àmọ́ ọmọ bàbá kan náà kì í ga dọ́gba. Pé bóòtù wọlé kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Suzuki ní alùpùpù kan tó ń jẹ́ SV650, tó jáde ní 1999. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kó má bàa wọ́n jù, amọ́tísẹ̀ tí wọ́n fi sí i kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Suzuki yìí kan náà ní GSX-R, tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí amọ́tísẹ̀ rẹ̀ dára jùyẹn lọ. Àwọn tó ń sáré GSX-R a sì máa ṣubú, wọ́n á wá tú èyí tó bàjẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú. Àwọn tó ní SV650 á ra amọ́tísẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi sára tiwọn. Wọn kì í kàn fi sí i lásán o. Wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá rẹsọ́ọ̀ rẹ̀ bá ìwúwo ẹni tó ń gùn ún mu. Ìyẹn ló yẹ kí àwa náà máa ṣe, yálà ní Dantokpa ni a ti rà á tàbí èyí tí wọ́n bá wa gbé wá láti òdìkejì ẹnubodè.

Gígùn ló ṣáájú

Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ kó máa fì, kí amọ́tísẹ̀ lè nà tán. Ẹ wá wọ̀n ọ́n láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti etí dé etí, torí etí kì í dọ́gba. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù wa, iye yẹn sábà máa ń wà láàárín 30 sí 36 sàǹtímítà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ wọn tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Tí ìyàtọ̀ kò bá ju sàǹtímítà kan lọ, kò sí wàhálà púpọ̀. Tó bá gùn ju tiyín lọ ní sàǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká rò ó. Mẹkáníìkì lè sọ fún yín pé, "Ó máa ga, ó máa wuyì, kò ní kanlẹ̀ mọ́." Òótọ́ ni, ó máa ga. Àmọ́ bí ẹ̀yìn bá ga, imú á tẹ̀ sísàlẹ̀. Ọwọ́ irin méjì tó mú táyà iwájú, tí wọ́n máa ń dàgẹ̀rẹ̀ síwájú, á wá dúró ṣánṣán sí i. Ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Òun ló ń jẹ́ kí táyà iwájú máa tọ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bó bá dín kù, ọwọ́ alùpùpù á fúyẹ́, á máa yára yà. Ní ìgboro, ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀. Nínú iyanrìn, tàbí bí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà ọ̀dà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan sì kọjá lára yín, ẹ máa rí i pé ọwọ́ ń gbọ̀n. Sàǹtímítà méjì péré lẹ́yìn máa ń yí ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn padà ní nǹkan bíi dẹ́gíríì kan. Ó kéré létí, kò kéré lọ́wọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ fi ń gbé alùpùpù dúró á kúrú sí i, alùpùpù á fì jù sí apá òsì. Bí àpò àgbàdo bá wà lórí rẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ ló máa fi ṣubú. Ẹni tí kò ga kò ní lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ mọ́ bó bá dúró nínú ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin wa tó ń gun alùpùpù lọ sọ́jà máa ń sọ èyí, àwọn ọkùnrin kì í sábà gbọ́.

Ṣéènì ni ó wá burú jù. Apá irin tó mú táyà ẹ̀yìn máa ń lọ sókè lọ sódò bí ilẹ̀kùn lórí àgbékọ́. Bí eyín ṣéènì iwájú, ibi tí apá yẹn ti ń yí, àti àárín táyà ẹ̀yìn bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ṣéènì ti ń le jù. Bí apá bá lọ sísàlẹ̀ jùyẹn lọ, ṣéènì á dẹ̀. Amọ́tísẹ̀ gígùn máa ń ti apá náà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá wá fún ṣéènì lásìkò tí alùpùpù dúró lófìfo, á rí i pé ó dára. Ní ọjọ́ tó bá gbé ẹrù, apá á gòkè wá sórí ìlà yẹn, ṣéènì á wá le bí okùn gìtá. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Bẹ́ríìnì inú táyà á máa jẹ, eyín ṣéènì á máa jẹ, tàbí kí ṣéènì já lọ́wọ́ kan. Ṣéènì tó já lórí eré lè dí táyà ẹ̀yìn pa. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá pààrọ̀ amọ́tísẹ̀ sí èyí tó gùn jù gbọ́dọ̀ tún ṣéènì wọ̀n pẹ̀lú èèyàn méjì lórí ìjókòó, kó sì rí i pé ó ṣì dẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó kúrú jù ńkọ́? Kò gbà wá lákòókò púpọ̀: ẹ má ṣe é. Táyà á máa gbo irin tó ń gba ẹrẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹrù bá wúwo, páìpù èéfín á sì máa fọwọ́ kan òkúta.

Lẹ́yìn gígùn, ẹ wo orí àti ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ihò róbótó lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn ní ihò lókè, ṣùgbọ́n ìdí wọn la sí méjì bí orí ìtàkùn. Ọ̀kan kò lè wọ ibi tí a ṣe fún èkejì. Ẹ wo bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó. Bí ihò bá fẹ̀ ju bóòtù lọ, kì í ṣe rọ́bà táyà lẹ máa gé fi dí i, kò sì yẹ kí ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ lu ihò sára alùpùpù yín. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ kó bá yín gé òrùka irin tó máa kún ihò náà rẹ́gí. Iṣẹ́ kékeré ni. Bóòtù tó ń jó nínú ihò máa ń gé, kì í sì í gé nígbà tí ẹ bá wà nílé.

Kí amọ́tísẹ̀ tuntun náà má sì fara kan ṣéènì lápá kan tàbí páìpù èéfín lápá kejì. Ẹ fi ìka kan wọn àyè tó wà láàárín wọn.

Irin tó fi mìlímítà kan nípọn jù

Ibí yìí ni ojú ti máa ń tanni jẹ. Ẹ mú amọ́tísẹ̀ méjì dání. Irin rẹsọ́ọ̀ ti àkọ́kọ́ nípọn ní mìlímítà 7, ti èkejì nípọn ní 8. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó èyí tí ojú máa fi bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí bí wọ́n ṣe lọ́ ọ, iye ìlọ́po rẹ̀ àti bó ṣe fẹ̀ bá dọ́gba, èkejì le ju àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bíi 70 nínú 100. Bí agbára irin lílọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn: bó ṣe ń nípọn sí i díẹ̀ báyìí, líle rẹ̀ á máa fò sókè. Iye ìlọ́po náà ń ṣiṣẹ́: èyí tí ìlọ́po rẹ̀ kéré ló máa ń le jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àgbẹ̀ kan wà ní Ìdìgní tó wúwo tó 65 kílò. Ọjọ́ ọjà nìkan ló ń gbé àpò àgbàdo 100 kílò. Ní gbogbo ọjọ́ tó kù, òun àti ọkọ́ rẹ̀ ló ń lọ sóko. Bó bá ra rẹsọ́ọ̀ tó le tó fún 165 kílò, ọjọ́ kan ló máa gbádùn rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, rẹsọ́ọ̀ ò ní fún pọ̀ rárá. Gbogbo òkúta tí táyà bá gùn á gba inú irin lọ sí ìbàdí rẹ̀ tààrà. Ìbàdí rẹ̀ nìkan kọ́: táyà tí kò lè tẹ̀lé ilẹ̀ á máa fò kúrò nílẹ̀, táyà tó wà lófuurufú kò sì lè di bíréèkì mú. Ara alùpùpù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í là níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, pàápàá lábẹ́ ibi ìgbẹ́rù. Ní ti irú ẹni báyìí, ìmọ̀ràn wa ni pé kó wá èyí tó le díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, tó sì ní òrùka àkàsọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kó máa yí i sókè lọ́jọ́ ọjà. Zémì tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀; òun lè ra èyí tó le dáadáa, kò ní kábàámọ̀.

Ọ̀nà kan wà láti fi mọ̀ bóyá ó bá yín mu. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ wọ̀n láti àárín táyà lọ sókè dé ibì kan lábẹ́ ìjókòó, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pátákó sàmì síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ jókòó pẹ̀lú ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé, kí ẹnì kan tún un wọ̀n. Kí ìyàtọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta ibi tí táyà lè rìn dé. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù wa tí táyà ẹ̀yìn wọn ń rìn tó sàǹtímítà 9 tàbí 10, ìyẹn jẹ́ 2.5 sí 3. Bó bá ju mẹ́rin lọ, rẹsọ́ọ̀ ti rọ̀ jù. Bí kò bá tó ọ̀kan àti ààbọ̀, ó ti le jù, ohun yòówù kí ẹni tó tà á fún yín sọ.

Àwọn kan máa ń yọ rẹsọ́ọ̀ nìkan lára amọ́tísẹ̀ mìíràn, wọ́n á fi sára ọ̀pá àti epo ti àtijọ́. Owó kékeré ló ń náni, òun la sì máa ń rí jù. Ẹ rántí pé epo ló ń dá ijó dúró. Epo àti ihò tí wọ́n ṣe fún rẹsọ́ọ̀ tí kò le, kò lè di rẹsọ́ọ̀ tó le mú. Bí ẹ bá kọjá kòtò, á ju ẹ̀yìn alùpùpù sókè, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣubú. Ẹ ra méjèèjì lódindi, kí ọ̀tún àti òsì jẹ́ ìbejì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì jẹ́ àtijọ́, apá tó mú táyà á máa lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé ìdí rẹ̀ lé pátákó, ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀: kó padà pẹ̀lẹ́. Èyí tó bá ta yín lọ́wọ́ bí ìdẹ eku, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Iwájú ńkọ́?

Ọwọ́ irin iwájú, tí wọ́n ń pè ní fúrúṣì, a ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti alùpùpù mìíràn àfi bó bá ní mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ gidi. Bí ọwọ́ náà ṣe nípọn gbọ́dọ̀ bá irin tó dì í mú lókè mu, bóòtù àárín táyà gbọ́dọ̀ bá a mu, bíréèkì náà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ojú ni ẹ máa fi gbálẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, epo inú rẹ̀ ló ti dúdú tó sì ti dín kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n rọ epo fúrúṣì tuntun sí i, iye kan náà lọ́tùn-ún àti lósì. Epo ẹ́ńjìnnì 20W-50 tí àwọn kan ń rọ sí i ti ki jù. Á jẹ́ kí iwájú le bí igi.

Ohun kan ṣì wà tí amọ́tísẹ̀ kò lè yí padà. Ìwé tó bá alùpùpù wá máa ń sọ iye kílò tó lè gbé. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké tí à ń gùn, kò jìnnà sí 150, ẹni tó ń gùn ún sì wà nínú rẹ̀. Garawa epo bẹntiróòlù oní-lítà 25 mẹ́jọ nìkan ti tó 150 kílò. Bí amọ́tísẹ̀ bá le, alùpùpù á dúró gangan lábẹ́ ẹrù bẹ́ẹ̀, ojú á sì rò pé agbára ti dé. Bíréèkì ò pọ̀ sí i o. Táyà ò nípọn sí i. Alùpùpù tó ń kanlẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún yín pé ẹrù ti pọ̀ jù. Èyí tí ẹ fi amọ́tísẹ̀ líle sí kò ní kìlọ̀ mọ́, ojú ìdàgẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ pé bíréèkì ò mú.

Bí wọ́n bá bá yín fi tuntun sí i tán, ẹ má gbé ẹrù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gùn ún lọ gùn ún bọ̀ ní nǹkan bí 20 kìlómítà, kí ẹ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó tún àwọn bóòtù fún, torí rọ́bà tuntun máa ń jókòó wọlé, bóòtù á sì dẹ̀. Ẹ wo ara táyà bóyá ó ti gbo nǹkan kan. Ẹ wo ṣéènì. Kí ẹ sì gba àwọn amọ́tísẹ̀ tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí ẹ kó wọn sílé, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti ń jò. Bí tuntun kò bá bá yín lára mu, àwọn ni ẹ máa fi wọn gígùn èyí tí ẹ máa rà.